Bí Ìdílé Jíyà Ṣe Di Ará Ìsanrin

Tápà ni Jíyà. Odò Ọya ló kún àkúnya, tó gbé ilé àti oko rẹ̀ lọ, tí ó fi di èrò Ìsanrin pẹ̀lú àdá kan àti aṣọ ọrùn rẹ̀. Kò gbọ́ èdè ìlú náà, kò sì ní ìyekan níbẹ̀. Baálẹ̀ ayé ọjọ́un fún un ní àbàtà etí odò, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ nítorí ẹ̀fọn àti ejò. Jíyà la ojú omi sí i títí omi ibẹ̀ fi fà, ó gbin ìrẹsì, ilẹ̀ náà sì ṣe dáadáa. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró, ọmọ Ìsanrin, ti gbà láti fẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn ẹbí obìnrin náà bi í léèrè ohun tó rí lára àlejò tí kò mọ ìkíni, ó ní:

"Kò mọ ìkíni lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ mọ iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ irọ́."

Wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà bímọ. Nígbà tí Jíyà kú, inú ilé rẹ̀ ní Ìsanrin ni wọ́n sin ín sí. Àlàdé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jogún oko, kò gbọ́ èdè Tápà rárá.

Ọ̀dá wá dá. Oko gbogbo gbẹ, àfi ti etí odò. Ni àwọn kan bá lọ bá Látúnjí, Baálẹ̀ tuntun.

"Àlejò ń yó, onílé ń pebi mọ́nú! Kí wọ́n padà sí ilẹ̀ Tápà."

Látúnjí kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n ẹkún àwọn ọmọ ìlú kò jẹ́ kó sinmi. Ó pàṣẹ pé kí ìdílé Jíyà kó kúrò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń di ẹrù, òun fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ ní bèbè odò, ẹrẹ̀ sì bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Àwẹ̀ró, tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, bu omi fún un, ó sì nawọ́ ọṣẹ dúdú kan tó ti wà nínú ewé tipẹ́ sí i. Látúnjí fẹ́ ṣí ewé náà kúrò. Kò ṣí. Ó fi èékánná ha á. Ewé ń bá ọṣẹ wá, ọṣẹ ń bá ewé wá. Nígbà tó sú u, ó fi gbogbo rẹ̀ fọwọ́, ó sì hó dáadáa.

"Baálẹ̀, ẹ ò wá yọ ewé kúrò?" ni Àwẹ̀ró wí.

"Èwo ni ewé níbẹ̀ mọ́, Ìyá? Ọṣẹ ni gbogbo rẹ̀."

"Ó dáa. Àyọ̀ká, aya yín, ọmọ-ọmọ mi ni. Ṣé kó di ẹrù tirẹ̀ náà? Àwọn ọmọ tó bí fún yín ńkọ́? Ibo lára wọn ni Tápà, kí n gé e, kí n gbé e lọ?"

Omi ṣì ń kán lọ́wọ́ Baálẹ̀. Ó yíjú sí àwọn ènìyàn.

"Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Kò sí àlejò níbí."

Àlàdé ju ẹní tó rù sílẹ̀, ó jókòó lé e, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Àwọn tó fẹjọ́ wọn sùn gan-an ló kọ́kọ́ bá wọn kó ẹrù wọlé, tìtìjú-tìtìjú, títí ẹ̀rín fi sọ. Àlàdé pín etí odò fún gbogbo agboolé láti fi dáko títí òjò fi dé.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde lẹ́nu ará Ìsanrin, tó di òwe àgbà káàkiri pé: bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ.