Àwẹ̀ró àti Ìkòkò Èsúrú

Ewé-jọ-ewé-lórí-ebè, Iṣu-ò-jọ-iṣu-lábẹ́-ilẹ̀. Orúkọ awo tó dá Ifá fún Àwẹ̀ró nìyẹn, ní ọjọ́ tí wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò dára, tí ó ń sunkún pé òun yóò fi ọmọ òun sílẹ̀ ní ilé ọkọ. Mi ò ní dárúkọ Odù náà. Ẹni tó ti tẹfá nínú yín mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò tíì tẹfá, kí ó gbọ́ ìtàn, ìyẹn náà tó o. Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa ná. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, kì í ṣe ahọ́n. Kí ẹni tó ń dáná lẹ́yìn ilé yẹn má sì jẹ́ kí nǹkan jóná, mo ti ń gbóòórùn rẹ̀.

Ìlú Ìsàdó ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwẹ̀ró kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Láti òdìkejì odò ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá fún Ọdẹ́jàyí. Ó bí ọmọbìnrin kan fún un, Ìbídùn ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ yìí kò fẹ́ràn ẹlòmíràn bí ìyá rẹ̀. Bí Àwẹ̀ró bá ń lọ sódò, Ìbídùn á tẹ̀ lé e. Bí ó bá ń dáná, Ìbídùn á di etí ìró rẹ̀ mú. Àwẹ̀ró a máa bá a wí pé kí ó jẹ́ kí òun rìn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a máa dùn bó ti ń bá a wí.

Ìsàdó ní àṣà kan. Nígbà tí iṣu àtijọ́ bá ti tán, tí tuntun kò sì tíì jáde, agbo ilé kọ̀ọ̀kan a máa se ìkòkò kan ṣoṣo. Èsúrú ni wọ́n ń sè. Ẹ mọ èsúrú, iṣu tí ewé rẹ̀ ń yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, tí inú rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin. Èmi ò ní puró fún yín, mo fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá rí èsúrú gbígbóná, epo àti iyọ̀, mi ò gbọ́ ẹni tó ń pè mí mọ́.

Obìnrin kọ̀ọ̀kan nínú agbo ilé á lọ wa tirẹ̀, gbogbo wọn á sì dà á sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà. Wọn kì í ya ti ẹnì kan sọ́tọ̀. Wọn kì í béèrè pé ta ló mú èyí wá, tàbí pé níbo ló ti wà á. Ìfẹ́ ni wọ́n pe ìyẹn. Ìyàwó kan ni wọ́n á wá fi ìkòkò náà lé lọ́wọ́. Òun ni yóò bó èsúrú, òun ni yóò sè é, òun ni yóò bù ú fún tọmọdé tàgbà. Ọlá ńlá ni. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìyá Ọdẹ́jàyí fa Àwẹ̀ró kalẹ̀. Ó ní ìyàwó òun mọ́ tónítóní. Inú Àwẹ̀ró dùn débi pé ó ń fi iyanrìn fọ ìkòkò náà láàárọ̀ lálẹ́, tí àwọn ìyàwó ilé yòókù fi ń bá a ṣẹ̀fẹ̀ pé yóò fọ ìdí ìkòkò lu.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yíwọ́. Wọ́n jẹun tán lọ́jọ́ kan, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn kan nínú wọn. Ẹsẹ̀ wọn kò dúró nílẹ̀ mọ́, bí ẹni tó mu ẹmu yó. Àwọn kan bì. Ìyá Ọdẹ́jàyí ló le fún jù. Omi ni wọ́n ń dà sí i lórí kí ó tó mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n ní bóyá ooru ni. Nígbà tí ó tún ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó dárúkọ ooru mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ Àwẹ̀ró kò dára. Àwọn tó ń bá a ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń dé ìkòkò omi wọn bí ó bá ń kọjá. Àwọn àgbà ilé pè é, wọ́n ní bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní òdìkejì odò. Ìbídùn ní tirẹ̀, ọmọ ilé ni. Kò ní bá a lọ.

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró. Kì í ṣe lílọ ló bà á lẹ́rù, nítorí bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé, ilé sì wà. Ọmọ náà ni. Ìgbàkígbà tí Ìbídùn bá di etí ìró rẹ̀ mú, omi á lé ròrò sí i lójú.

Ó bọ́ sọ́nà, ó di ọ̀dọ̀ awo. Ifá ní ọwọ́ rẹ̀ kò ní ẹ̀bi. Ifá ní ohun kan ló ń wọ inú ìkòkò rẹ̀, tí ó ń jẹ́ orúkọ ohun tí wọ́n ń jẹ, tí ìwà rẹ̀ kì í sì í ṣe ìwà ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n ní kí ó rú òbúkọ kan, kí ó rú igbá epo kan, kí ó sì rú èsúrú. Wọ́n wá kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ da èsúrú náà pọ̀ o. Kí ó gbé ti obìnrin kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níwájú òbúkọ, kí òbúkọ tọ́ ọ wò, kí wọ́n tó fi òbúkọ náà bọ Èṣù.

Àwẹ̀ró délé, ó ro ọ̀rọ̀ náà. Òbúkọ kò nira. Epo kò nira. Èsúrú yíyà sọ́tọ̀ ló nira. Ní Ìsàdó, bí o bá ya èsúrú obìnrin kan sọ́tọ̀, o ti pe obìnrin náà ní olóògùn nìyẹn. Ìyàwó kan ti dán an wò rí ní agbo ilé kejì. Wọ́n da apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nù síta gbangba, kò sì sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ títí iṣu tuntun fi jáde. Àwẹ̀ró kò lè fojú kan irú ìyẹn. Ó mú òbúkọ, ó mú epo, ó wá bu èsúrú díẹ̀ láti inú apẹ̀rẹ̀ àjùmọ̀ní, ó rú u bẹ́ẹ̀. Ó ń mi orí lọ sílé pé òun ti rúbọ. Ìwọ tí o ń rẹ́rìn-ín yẹn, rọra. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ń ṣe. A ó ṣe èyí tó rọrùn, a ó fò èyí tó nira, a ó sì máa retí ire.

Ní ọjọ́ tí ó tún se èsúrú, Ìbídùn wà lára àwọn tí òòyì kọ́. Ọmọ tó ń sáré káàkiri àgbàlá ṣubú lulẹ̀, ojú rẹ̀ yí sókè. Àwẹ̀ró gbé e lé ẹsẹ̀, ó ń pè é, ó ń pè é. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ náà bì, ó lajú, ó béèrè omi. Àwẹ̀ró dúpẹ́ títí ó fi sunkún. Ibi tí ó ti ń sunkún náà ni àwọn àgbà ilé bá a, wọ́n ní kí ó máa di ẹrù rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun di ọjọ́ ọjà. Wọ́n gbà, kì í ṣe pé inú wọn dùn sí i.

Ó padà sọ́dọ̀ awo. Awo wò ó lójú.

“Ṣé o rú u bí Ifá ṣe wí?”

“Mo rú òbúkọ, mo rú epo. Mi ò ya èsúrú sọ́tọ̀. Ojú ló tì mí, bàbá.”

Awo kò bínú, kò sì tún Ifá dá. Ó ní, “Lọ yà á.”

Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ni Àwẹ̀ró kọ́kọ́ gbà lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì ń retí èébú. Ìyá àgbà náà kò bú u.

“Ọjọ́ tí mo jẹ ẹ́, mo fojú rí ikú,” ó ní. “Bó bá ṣe tèmi ni, ìyàwó mi, mo fẹ́ mọ̀. Kí wọ́n gbé tèmi náà kalẹ̀ o.”

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde sí àgbàlá. Ó ní kí olúkúlùkù obìnrin ilé lọ sí ibi tí ó ti máa ń wa èsúrú, kí ó wa díẹ̀ wá, kí ó gbé e sílẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Wọ́n kùn. Ìyálé ilé pòṣé. Ṣùgbọ́n ta ló tó ìyá àgbà í dá lóhùn? Ó ku òbúkọ, nítorí wọ́n ti fi ti àkọ́kọ́ rúbọ. Ọdẹ́jàyí, tí kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tú òbúkọ tirẹ̀ lókùn, ó fà á lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Òbúkọ tí ó ń sìn de ọdún iṣu ni. Àwẹ̀ró mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì wú u lórí gan-an.

Wọ́n to èsúrú náà sílẹ̀ ní òkìtì-òkìtì. Ti ìyá àgbà ló dé kẹ́yìn, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá mọ́. Wọ́n fa òbúkọ dé ibi ti ìyálé ilé. Ó jẹ ẹ́ wàràwàrà, ó tún ń wá sí i, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ìyálé ilé náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fà á dé ibi ti Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀. Òbúkọ jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́ lọ títí ó fi dé ibi òkìtì ìkẹyìn. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó fà sẹ́yìn. Wọ́n tún fà á wá, ó tún takú.

Ti ìyá àgbà ni.

Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀, ó gba ọ̀bẹ, ó gé ọ̀kan nínú èsúrú tirẹ̀, ó gé ọ̀kan nínú ti ìyálé ilé. Ti ìyálé ilé pọ́n. Tirẹ̀ funfun, ó ń yọ̀, kò sì pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ewé kan náà ni àwọn méjèèjì ní, mẹ́ta-mẹ́ta. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Bí wọ́n bá ti bó wọn tán, tí wọ́n dà wọ́n pọ̀ sínú omi, ta ni yóò tún wojú wọn? Àwẹ̀ró náà ti rí funfun díẹ̀ nígbà tó ń bó wọn, ọwọ́ sì yún un, ṣùgbọ́n ó rò pé èyí tí kò tíì gbó ni.

“Etí oko bàbá yín ni mo ti wà á,” ìyá àgbà sọ. “Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé inú oko mọ́ lọ́dún yìí. Ojú sì ń tì mí láti wá síbi ìkòkò lọ́wọ́ òfo.”

Ibẹ̀ ni Ọdẹ́jàyí ti lanu sọ̀rọ̀. Ó ní bàbá òun ló gbin èsúrú yẹn yí oko ká. Inú igbó ló ti hú u wá. Ó gbìn ín kí olè àti òòrẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti etí, kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n má tún padà wá. Òun mọ̀ pé kì í ṣe jíjẹ. Òun kò mọ̀ pé ìyá òun ń wà á, nítorí ní Ìsàdó wọn kì í béèrè. Ìyá àgbà ní ọkọ òun kìlọ̀ fún òun nígbà ayé rẹ̀ pé kí òun má fọwọ́ kan etí oko. Ó ní òun rò pé ahun ló ń ṣe é. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi wà lójú rẹ̀.

Ojú gbogbo èèyàn wá yí sọ́dọ̀ Àwẹ̀ró. Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé lọ ló wá dúró láre. Bó bá fẹ́, ó lè sọ̀rọ̀ dé ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Kò sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ ti ìyá ọkọ rẹ̀, ó gba ọwọ́ tó ń yún un náà, ó fi epo pa á títí ara fi tù ú. Lẹ́yìn náà ni ó fa òbúkọ lọ sí ìdí Èṣù, ó rú ẹbọ náà pé.

Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé ìkòkò kaná. Èyí tí òbúkọ jẹ ni wọ́n sè. Nígbà tí ó jinná, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kọ́kọ́ nawọ́. Ìyá àgbà ní kí wọ́n bu tòun wá. Ó jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn, ó lá epo ọwọ́ rẹ̀, Ìbídùn sì jókòó lé e lẹ́sẹ̀, ó ń bá a jẹ nínú abọ́.

“Àwẹ̀ró,” ó ní, “ọwọ́ rẹ dára.”

Kò sí ẹni tó dárúkọ òdìkejì odò mọ́. Ìkòkò kan náà ni wọ́n ṣì ń sè ní Ìsàdó, ṣùgbọ́n kí obìnrin tó da tirẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, yóò sọ ibi tí ó ti wà á. Ìyá àgbà kò lọ wa èsúrú mọ́. Ìdí apẹ̀rẹ̀ ni ó ń jókòó sí, òun ló ń béèrè, òun ló ń gé e wò. Èyí tí wọn kò bá mọ ibi tí wọ́n ti wà á kì í wọ ìkòkò. Èsúrú etí oko ṣì wà ní etí oko, ó ń ṣọ́ oko. Wọn kò hú u, wọn kò sì bú u.

Àwẹ̀ró lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ awo. Awo ní kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifá. Ifá ní kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tó dá ewé méjì ní àdàjọ, tó sì fún èèyàn ní ojú tí yóò fi yà wọ́n. Ó gbọ́ rírú ẹbọ, kò rú u pé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ọmọ. Ó padà gbọ́, ó rú u pé, ọmọ rẹ̀ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ifá kò béèrè ju èyí lọ lọ́wọ́ yín: bí wọ́n bá sọ fún yín, ẹ ṣe é tán.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé abọ́ yẹn sún mọ́ mi. Èsúrú yìí gbóná dáadáa. Ṣùgbọ́n kí n tó bu òkèlè, ta ló mú un wá, níbo ló sì ti wà á?