Ìdọ̀bálẹ̀ Kì Í Dá Mọ́tò Dúró

“Ìdọ̀bálẹ̀ kì í dá mọ́tò dúró.” Kò sí ọmọ agbègbè orí òkè tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Bóyá wọ́n tiẹ̀ ti fi bá ẹ̀yin náà wí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó dọ̀bálẹ̀, ẹ sì mọ mọ́tò tí kò dúró? Àwọn kan rò pé àwàdà àwọn awakọ̀ lásán ni. Ì bá dára ká ní àwàdà ni.

Ní ìlú Òkèmójú, láyé ìgbà tí mọ́tò onípákó ṣì ń kó kòkó lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, mẹkáníìkì kan wà tó ń jẹ́ Ajíbóyè. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde nílùú náà. Ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti orí òkè títí dé etí afárá, kọ́nà burúkú kan sì wà níwájú afárá náà. Lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá mọ́, kò léwu púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá ti dé, ìkúùkù a bo gbogbo òkè láàárọ̀, awakọ̀ kì í rí kọ́nà yẹn àfi tó bá dé ibẹ̀ tán. Ọyẹ́ yìí kan náà a tún mú kí rọ́bà inú bíréèkì gbẹ, kó sì là. Bẹ́ẹ̀, àsìkò tí kòkó ń pọ̀, tí ẹrù ń wúwo, nìyẹn. Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, gbogbo awakọ̀ a wa mọ́tò wọn wá sọ́dọ̀ Ajíbóyè kó bá wọn tú bíréèkì wò.

Ajíbóyè kì í fepo boyọ̀ fún wọn. Tí bíréèkì kò bá dára, a yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, a jù ú sápò, a ní kí awakọ̀ máa fẹsẹ̀ rìn lọ. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Sáminù, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sí ìsàlẹ̀ òkè, tó sì ń sáré lọ síbi ìkómọ. Sáminù bẹ̀ ẹ́ títí.

“Tó o bá fẹ́ kú, wá ibòmíràn kú sí,” ni Ajíbóyè wí. “Kì í ṣe nínú mọ́tò tí mo fọwọ́ ara mi tú.”

Ìkómọ kọjá, Sáminù kò sí níbẹ̀. Nígbà tí Ajíbóyè tún bíréèkì náà tán, Sáminù gba kọ́kọ́rọ́, ó ṣépè, ó sì búra pé òun kò ní kí i mọ́ láé. Ajíbóyè kò tiẹ̀ gbójú sókè. “Ẹni tó bá wà láyé ló ń bínú,” ló máa ń wí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Látúnjí dé. Wọ́n kọ “Sùúrù Lérè” sí iwájú mọ́tò rẹ̀ gàdàgbà, bẹ́ẹ̀ òun ni awakọ̀ tí kò ní sùúrù jù lọ ní gbogbo òkè náà. Òun ló bí Ìbídùn, ìyàwó Ajíbóyè. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe rí nílẹ̀ wa. Ajíbóyè tó ń bú gbogbo ayé, bó ti rí àna rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú epo dúdú tó wà nílẹ̀.

Ó tú táyà. Rọ́bà inú bíréèkì ti là, epo bíréèkì ti jò dà sára irin, láínì tó yẹ kó fún irin mọ́lẹ̀ sì ti jẹ tán. Èyí tí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀ kò sí ní Òkèmójú, àfi kí wọ́n ránṣẹ́ sí ìlú ńlá. Bẹ́ẹ̀, Bàbá Látúnjí ti di ẹrù kún mọ́tò, ìdájí ọjọ́ kejì ló fẹ́ gbéra.

“Àna mi,” ni bàbá náà wí, “ṣé ó máa gbé mi dé ìsàlẹ̀?”

Rárá ni ìdáhùn. Ajíbóyè mọ̀ pé rárá ni. Ta ló máa ń dárúkọ ikú lójú àna rẹ̀? Ta ló ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún un níyàwó? Ó tún dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, tí ẹ bá lè jẹ́ kó sinmi díẹ̀, inú wa á dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n wà. Kí ni ọmọdé fẹ́ sọ?”

Bàbá Látúnjí rẹ́rìn-ín. “Ṣé mọ́tò sọ fún ọ pé ó rẹ òun ni? Mo ti ń gba òkè yìí kọjá kí wọ́n tó bí ọ.”

Ajíbóyè náà rín ẹ̀rín ìtìjú. Ó rọ epo bíréèkì tuntun sínú èyí tó ń jò, ó dá táyà padà, ó sì mọ̀ pé òun kò ṣe nǹkan kan.

Nírọ̀lẹ́, Ìbídùn gbé oúnjẹ fún un. “Mọ́tò bàbá mi ńkọ́? Ṣé ó dáa?”

“Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀.”

“Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ni, àbí ẹ gba kọ́kọ́rọ́?”

“Ìbídùn, èmi kí n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ?”

Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ajíbóyè kò lè jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ó sáré lọ sí ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú lórí òkè, níbi tí mọ́tò ti ń rọra rìn kó tó máa sọ̀ kalẹ̀. Ó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu bó ti ń sáré lọ: Bàbá, ẹ má lọ, bíréèkì ti kú. Ìkúùkù bo ilẹ̀. Bó ti rí iná mọ́tò, ó bọ́ sáàárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mọ́tò náà fà díẹ̀, ó dúró.

“Ta nìyẹn?” Bàbá Látúnjí yọrí síta. “Háà! Àna mi!”

Bí Ajíbóyè ti gbọ́ ohùn yẹn, kó tó mọ̀, àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, Bàbá.”

“O mà ṣeun o! O fi orun sílẹ̀ nítorí tèmi. Àwọn ọmọ tìrẹ náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ. O ò ní fi ọwọ́ rẹ sin wọ́n.”

“Àmín, Bàbá.”

Bàbá ń ṣàdúrà lọ, Ajíbóyè ń ṣàmín. Ta ló ń já àdúrà mọ́ àna rẹ̀ lẹ́nu? Lórí àmín tó kẹ́yìn, mọ́tò yà fún un, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìgbà yẹn ló tó gbórí sókè, tó pariwo, “Bàbá! Bíréèkì!” Ariwo ẹ́ńjìnnì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sáré tẹ̀ lé e nínú ìkúùkù. Ó gbọ́ fèrè mọ́tò tó ń dún láìdáwọ́ dúró, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Àwọn obìnrin tó ń re odò wà lórí afárá. Nígbà tí Bàbá Látúnjí rí wọn, ó darí mọ́tò lu àpáta. Kò sí ẹni tó fara pa àfi òun nìkan. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí àpò kòkó, Ajíbóyè sì kúnlẹ̀ tì í.

“Ajíbóyè,” ni bàbá náà wí, “ṣé o mọ̀?”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

Àna rẹ̀ wò ó títí. “Ò bá kúkú ti bú mi.”

Ó kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

Sáminù wá síbi ìsìnkú, ó gbé ọmọ tuntun rẹ̀ dání. Ajíbóyè wo ọmọ náà, ó wo bàbá ọmọ, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ìbídùn kò bá a jà nígbà kankan. Ì bá bú u, ara ì bá tù ú. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ lọ́dọọdún, òun àti ìyàwó rẹ̀ a jókòó, wọn a máa wo ojú ọ̀nà.

Nígbà tí Ajíbóyè darúgbó, ọkọ ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, wá wo ògiri tó là ní yàrá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ilé náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá wu Bàbá, bóyá kí wọ́n máa sùn sí yàrá kejì fúngbà díẹ̀.

“Dìde!” ni Ajíbóyè kígbe. “Ìdọ̀bálẹ̀ kì í dá mọ́tò dúró! Ṣé ògiri máa wó, àbí kò ní wó?”

“Ó máa wó, Bàbá.”

“O ṣeun, ọmọ mi,” ni arúgbó náà wí, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tó rí ewu tó ń bọ̀ wá bá ẹni tó jù ú lọ, tó wá ń fi ọ̀wọ̀ àti ọ̀rọ̀ dídùn bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Wọn kò ní kí ó má dọ̀bálẹ̀ o. Kó dọ̀bálẹ̀ tán, kó dìde, kó sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ẹni náà bá bínú, a jẹ́ pé ó ṣì wà láyé.