Agbẹ́kànga Tó Pàdé Iyì Lọ́nà

Ní ìlú Ìdólófin láyé àtijọ́, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láníyọnu. Kànga gbígbẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, tó wo irú koríko tó hù níbẹ̀, yóò sọ ibi tí omi wà, kì í sì í tàsé. Ó ń jẹun, ó ń wọṣọ, Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ kò sì bá a jà nítorí owó rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí àwọn ọkùnrin ìlú ń gbèrò ibi tí ọjà tuntun yóò wà, Láníyọnu ní kí wọ́n má ṣe é sí àbàtà. Ọlọ́rọ̀ kan yíjú sí i, ó ní, "Ìwọ ta ni? Jẹ́ kí àwọn tó lówó sọ̀rọ̀." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà dùn ún wọ egungun. Ní ọjọ́ kẹta, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun yóò bá àwọn oníṣòwò obì lọ sí Òkè Ọya, òun kò sì ní padà àfi bí òun bá di olówó.

Àṣàbí wò ó títí. Ó ní, "Bàbá Mọ́rẹ̀nikẹ́, ojú yín ti kúrò nílé. Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire."

Ní ọjọ́ kẹrin ìrìn wọn, wọ́n wọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀dan. Ọ̀dá ti mú ìlú náà débi pé odò wọn ti di yanrìn. Àwọn obìnrin ń rìn láti òwúrọ̀ di ọ̀sán kí wọ́n tó rí ìkòkò omi kan, omi ọ̀hún sì pọ́n bí ẹrẹ̀. Láníyọnu wo ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé Baálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé mọ́.

Ó sọ fún olórí àwọn oníṣòwò pé, "Omi wà níbí. Ẹ dúró dè mí díẹ̀."

Ìyẹn ní, "Obì tó ń gbẹ kì í dúró de èèyàn, ọ̀rẹ́ mi. Bó o bá dúró, a ti lọ nìyẹn."

Wọ́n lọ lóòótọ́. Láníyọnu gbẹ́lẹ̀ títí ó fi jìn tó ìdúró ọkùnrin mẹ́ta, ó wá kan àpáta. Àwọn kan ń mirí. Òun náà rántí owó tó ti kọjá lọ, síbẹ̀ ó tún gbé irin rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, àpáta là, omi tútù sì ru bò ó dé ìbàdí. Nígbà tí wọ́n fi okùn fà á jáde, ẹrẹ̀ bò ó bí ẹja àrọ̀, gbogbo ìlú bú sórin. Ìyá arúgbó kan tí kò jó láti ọdún mẹ́wàá ju ọ̀pá rẹ̀ nù.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Olómi ni wọ́n ń pè é. Baálẹ̀ gbé àpótí ìjókòó fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ìdílé méjì jà sí ààlà ilẹ̀, òun ni wọ́n ní kó dá ẹjọ́ náà. Síbẹ̀, ọ̀nà Òkè Ọya ni Láníyọnu ń béèrè lójoojúmọ́.

Ọjọ́ tó fẹ́ dágbére, Baálẹ̀ pe àwọn àgbà jọ. Ó ní, "A gbọ́ pé owó lẹ ń wá lọ. Owó dára, a ò bú u. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ fi rà?"

"Baba, kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe ẹṣin," ni Láníyọnu wí. "Mo fẹ́ máa jókòó láàárín àwọn àgbà. Mo fẹ́ kí wọ́n máa dákẹ́ bí mo bá ń sọ̀rọ̀."

Ó dúró de èsì. Kò sẹ́ni tó fọhùn, nítorí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán. Láníyọnu wo àpótí tó jókòó lé, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ náà bú sí i, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Baálẹ̀ ní, "Ẹ ti rí i. Bí owó ọ̀hún bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ tán, èyí tẹ́ ẹ ti ní yìí náà lẹ máa fi rà."

Láníyọnu kọrí sílé. Ará Ìsàlẹ̀-Ọ̀dan ru iṣu, wọ́n fa ewúrẹ́, wọ́n sì sìn ín dé ẹnu bodè Ìdólófin. Àṣàbí bi í pé, "Owó ńkọ́?" Ó ní, "Ó ti lọ sí Òkè Ọya. Mo ní kó máa rọra." Ó ń gbẹ́ kànga rẹ̀ lọ, ó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń ná an tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n kò fi owó wọn ara rẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó ń wá owó lọ, tó bá pàdé iyì lọ́nà, kó yáa padà sílé. Nítorí bó bá rí owó náà tán, iyì ni yóò fi rà.