Akàn Ń Wá Ẹni Tí Yóò Kọ́ Níṣẹ́ Abẹ

Àlọ́ o!
Àlọ̀ o!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Akàn, oníṣẹ́ abẹ ìlú ẹranko.

Ojú Akàn ti ń ṣe bàìbàì, ó sì ń wá ẹni tí yóò kọ́ níṣẹ́. Ẹkùn ọba ní kó mú ọmọ òun. Akàn kọ̀, ó ní àfi bí ọmọ náà bá yege ìdánwò. Ẹ̀yin ọmọ, bí oníṣẹ́ abẹ bá ṣìṣe, ṣebí aláìsàn ló máa kú! Ó ta ẹní bí aṣọ ìkélé, kó má baà mọ ọmọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ na ọwọ́ jáde, kí wọ́n yọ ẹ̀gún tí òun gún sínú ìbẹ́pẹ pípọ́n.

Ẹ bá mi gbè é:
Ọwọ́ ta nìyí o?
Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wò!

Ọwọ́ kìíní fa ìbẹ́pẹ ya. Ọwọ́ kejì dá ẹ̀gún sínú, ó fi ewé bò ó. Ẹ̀gún dá sínú fún ọwọ́ kẹta náà, ṣùgbọ́n ohùn kan ké pé: "Bàbá, ẹ gbà mí o, ó ti dá sínú!"

Akàn ní, "Èyí ni mo mú. Ẹni tó bá tètè ké, a ó rí aláìsàn rẹ̀ gbà là."

Wọ́n ká ẹní kúrò: ọmọ Ẹkùn ló ni ọwọ́ kìíní, Ọ̀bọ ló ni ìkejì, ọmọbìnrin Òkété ló ni ìkẹta.

Ẹkùn bú ramúramù: "Ọmọ tèmi ńkọ́?"

Akàn ní, "Kábíyèsí, ẹ na ẹsẹ̀ yín wá, kó fi kọ́ṣẹ́."

Kíá ni Ẹkùn ká ẹsẹ̀ jọ. "Háà! Ọmọ Òkété ló tọ́ sí!"

Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ lọ bi Ẹkùn.