Ìdí Tí Ìyá Ikán Fi Ń Gbé Yàrá Tí Kò Lẹ́nu Ọ̀nà

Nígbà kan láéláé, kí òkìtì ọ̀gán kankan tó yọrí sókè nínú igbó, ikán kò nílé. Abẹ́ ewé jíjẹrà ni wọ́n ń gbé, àti inú igi tó ti kú. Olúkúlùkù ló ń ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá rí igi tó dùn, yóò jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yé ẹyin, yóò wá ibi tó tutù díẹ̀, yóò yé e síbẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Tín-ín-rín ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, kì í sì í gbé ojú kan. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ẹ ó rí i tó ń lọ sídìí igi àràbà níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé. Ọ̀kùn ni ọ̀rẹ́ náà. Wọn a jókòó pọ̀, wọn a máa wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pọ́n lára ewé, wọn a sì máa sọ ohun tí ojú wọn rí lọ́jọ́ náà. Nígbà mìíràn, wọn kì í sọ nǹkan kan. Ó tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba ayé ikán jẹ́. Òjò ni. Lọ́dọọdún, bí òjò ńlá bá dé, omi a ṣàn gba abẹ́ ewé, a sì kó gbogbo ẹyin wọn lọ. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ẹyin Àwẹ̀ró wà lára èyí tó lọ. Ó sáré tẹ̀ lé omi náà títí ó fi dé odò. Ó dúró létí odò, kò rí nǹkan kan mọ́. 

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, Baálẹ̀ Àjùwọ̀n, tó jẹ́ àgbà gbogbo ikán, pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin ará mi," ó ní, "ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ilé kan fún gbogbo wa, ilé tí omi kò ní lè wọ̀. Kó sì parí kí òjò mìíràn tó dé. Ta ni yóò ṣe olórí iṣẹ́ náà?"

Ariwo sọ. Orúkọ Àwẹ̀ró ni gbogbo ẹnu ń pè. Wọ́n ní ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, kì í gbàgbé nǹkan, ó sì mọ ohun tí omi lè ṣe fún èèyàn.

Inú Àwẹ̀ró dùn. Kò sígbà kan tí wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ pa pọ̀ báyìí rí.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó lọ bá Ọ̀kùn.

"Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n fi mí ṣe olórí iṣẹ́. Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀kùn rò ó díẹ̀. "Kí ni ilé náà wà fún?"

"Kí ẹyin wa má baà bómi lọ mọ́ ni."

"Ṣé ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni."

"Ó dáa. Sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn kí ẹnikẹ́ni tó bu erùpẹ̀. Sọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà, kí o sì sọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ó yá, wo ẹsẹ̀ mi."

Ọ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbéra, ti iwájú ń ṣáájú, ti ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gba orí koríko kọjá.

"Ṣé o rí i? Èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ gbéra ló ń kọ́kọ́ gbéra. Bí ti ẹ̀yìn bá dí ti iwájú lọ́nà, màá ṣubú. Ṣùgbọ́n mi ò kì í dúró pàṣẹ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan o. Bí mo bá dán ìyẹn wò, mi ò ní kúrò nídìí igi yìí láéláé."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́.

Lóòótọ́ ni, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó kó gbogbo ikán jọ, ó sọ fún wọn pé ilé ẹyin ni wọ́n fẹ́ kọ́, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ó pín iṣẹ́. Àwọn kan ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn kan ń pọn omi láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn kan ń fi itọ́ po erùpẹ̀. Àwọn tí orí wọn tóbi, tí ẹnu wọn sì mú, ni wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà nítorí ìjàlọ. Ó fi Àtàndá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ ilé í mọ, ṣe olórí àwọn tó ń mọ ògiri. Ìpìlẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, kí ògiri tó gòkè, kí wọ́n tó wá bo òrùlé.

Ó tún bi wọ́n pé, "Kí ló lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́?"

"Òjò lè tètè dé," ni Àtàndá wí.

"Nígbà náà, a ó parí rẹ̀ kí ojú ọ̀run tó ṣú rárá. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ ṣáájú òjò."

Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Lójoojúmọ́, bí iṣẹ́ bá ti parí, Àwẹ̀ró ń lọ sídìí àràbà, ó ń ròyìn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Baálẹ̀ Àjùwọ̀n wá wo ilé náà. Ó yí i ká, ó ń mi orí.

"Àwẹ̀ró, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ilé yìí wù mí. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé àwa àgbà fẹ́ràn olú. Ṣé ẹ kò lè ṣe oko olú díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún wa?"

Àwẹ̀ró mọ̀ pé kò sí nínú ohun tí wọ́n jọ sọ. Ó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bàbá náà pè é ní ọmọ rẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Ó máa ṣeé ṣe, bàbá," ó ní.

Kò bi Àtàndá. Kò sọ fún àwọn tó ń pọn omi. Kò sì ronú ibi tí àsìkò rẹ̀ yóò ti wá.

Bí àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà ti gbọ́, àwọn náà dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yàrá tiwọn. "Ó máa ṣeé ṣe." Àwọn tó ń pọn omi ní kí wọ́n bo ọ̀nà omi fún àwọn, oòrùn ń pa àwọn. "Ó máa ṣeé ṣe." Àwọn kan tilẹ̀ ní kí ilé náà ga débi tí wọ́n á fi máa rí i láti odò. Àwẹ̀ró ní ó máa ṣeé ṣe. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ń yìn ín, bí wọ́n sì ti ń yìn ín ni ó ń sọ ọ́.

Àtàndá wá bá a. Ẹrẹ̀ kún gbogbo ara rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ògiri tí ẹ ní ká mọ, wọ́n ti wó o nítorí oko olú. Erùpẹ̀ tí a pò sílẹ̀ fún òrùlé, wọ́n ti fi mọ yàrá àwọn aṣọ́nà. Èwo gan-an ni ká ṣe?"

"Máa wá bi mí kí o tó ṣe ohunkóhun," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n máa wá bi mí."

Ni gbogbo wọn bá ń wá. Kò tún sí ẹni tó mọ bí ilé náà ṣe máa rí mọ́ àfi òun nìkan. Níbo ni kí n gbé èyí sí? Ṣé kó ga jù báyìí lọ? Ṣé ká dí ibí ni àbí ká là á? Kí wọ́n lè máa tètè rí i, ó jókòó sí àárín gbùngbùn ilé, nínú yàrá kan tó wà lókè yàrá ẹyin. Kò ráyè dìde lọ jẹun, nítorí náà wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún un. Ó ń jẹ, ó ń dáhùn, ó ń jókòó. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi.

Nídìí àràbà, Ọ̀kùn ń dúró dè é. Nígbà tó pẹ́, ó dìde, ó rìn wá. Àwọn aṣọ́nà ní ọwọ́ Àwẹ̀ró dí, kó padà wá lọ́la. Bó bá tún padà wá, wọ́n á tún ní kó padà wá lọ́la. Nígbẹ̀yìn, ó kàn gba àárín wọn kọjá, ó wọlé.

"Àwẹ̀ró, o ti sanra."

"Ọ̀rẹ́ mi! Má bínú. Màá wá, bí iṣẹ́ yìí bá ti dẹ̀ díẹ̀. Wò ó, gbogbo wọn ló fẹ́ràn mi."

"Mo rí wọn," ni Ọ̀kùn wí. "Ta ló jókòó tì ọ́ nínú wọn?"

Àwẹ̀ró wo yíká. Ikán kún yàrá náà fọ́fọ́. Olúkúlùkù gbé erùpẹ̀ dání, olúkúlùkù ń dúró de ìdáhùn tirẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó jókòó.

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ń bi í pé, "Ìyá, níbo ni kí n gbé èyí sí?" Kó tó dá ìyẹn lóhùn tán, kó tó yíjú padà, Ọ̀kùn ti lọ.

Lọ́dún náà, òjò kò dúró de àsìkò rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, ojú ọ̀run dúdú, atẹ́gùn líle bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ewé káàkiri. Àtàndá sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Baálẹ̀ Àjùwọ̀n sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá, òrùlé kò tíì dí, ẹnu ọ̀nà yàrá yìí náà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí omi bá gba ibí wọlé, orí ẹyin ló ń lọ tààrà. Ẹ dìde, ẹ jáde, ká tètè dí i!"

Àwẹ̀ró dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, orí rẹ̀ kọjá, àyà rẹ̀ kọjá, ikùn rẹ̀ kò kọjá. Ó tún gbìyànjú. Kò kọjá.

"Ẹ wó ògiri náà!" ni Baálẹ̀ kígbe. "Ẹ jẹ́ kó jáde!"

Àtàndá wolẹ̀. "Bàbá, erùpẹ̀ tó kù nílẹ̀ tó fún òrùlé àti ẹnu ọ̀nà yìí bó ṣe wà. Bí a bá wó ògiri, kò ní tó mọ́. Òjò ò sì ní jẹ́ ká po òmíràn."

"Wó o! Wó o!" ni gbogbo wọn ń ké, nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́.

Àwẹ̀ró gbọ́ òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí ewé níta. Ó rántí odò.

"Rárá," ó ní.

Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí oko olú ti wọ ọ̀rọ̀. 

"Ẹ dí i."

"Ìyá, a ó là á fún yín bí òjò bá ti dá," ni Àtàndá wí.

"Mo gbọ́. Ẹ tètè dí i."

Ó fà sẹ́yìn. Wọ́n ń mọ ọ́n, ìmọ́lẹ̀ sì ń dín kù, títí ó fi ku ihò kékeré kan tí ikán kan ṣoṣo lè gbà, kí wọ́n lè máa fún un lóúnjẹ. Òjò náà wá ya sílẹ̀. Ó rọ̀ títí, ó gbé ewé, ó gbé igi, ó yí ilé náà ká, kò rí ọ̀nà wọ̀. Ẹyin kankan kò tutù. Àwẹ̀ró gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jó, tí wọ́n ń yọ̀ ní ìhà kejì ògiri.

Nígbà tí òjò dá, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí òrùlé. Ẹsẹ̀ púpọ̀ ni, ti iwájú ń ṣáájú, ti ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé e. Ó mọ ẹni náà.

"Ọ̀kùn!" ó pè. "Ọ̀kùn, mo wà níbí!"

Ògiri náà ti nípọn jù. Ẹsẹ̀ náà lọ síwá, ó lọ sẹ́yìn, ó dúró fún ìgbà pípẹ́ ní ibì kan. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀ kalẹ̀.

Àtàndá kò gbàgbé ìlérí rẹ̀. Ó wá, ó fẹnu gbẹ́ ògiri náà, ó gbẹ́ ẹ títí ẹnu rẹ̀ fi kán. Ògiri ti le bí òkúta. Baálẹ̀ Àjùwọ̀n fẹnu sí ihò kékeré náà.

"Àwẹ̀ró ọmọ mi, bí a bá fi agbára fọ́ ibí, gbogbo òrùlé ló máa wá sílẹ̀. Jọ̀ọ́, dúró síbẹ̀. Ìwọ máa yé ẹyin fún gbogbo wa, àwa ó máa ṣe gbogbo iṣẹ́ yòókù, a ó sì máa bọ́ ọ."

Àwẹ̀ró fi orí sún mọ́ ihò náà.

"Bàbá, ṣé ẹ ó máa wá jókòó tì mí?"

"A ó máa wá," ni Baálẹ̀ dáhùn.

Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ń wá. Wọ́n ń gba ihò náà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, wọn a gbé ẹyin, wọn a jáde. Iṣẹ́ pọ̀ níta.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ikán ti ń gbé yàrá tí kò lẹ́nu ọ̀nà ní àárín òkìtì ọ̀gán, tí ikùn rẹ̀ tóbi tí kò lè rìn, tí òun nìkan sì ń yé ẹyin fún gbogbo ilé. Ìdí nìyẹn tí olú fi ń hù lára ọ̀gán lẹ́yìn òjò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọkọ́ àgbẹ̀ bá dá ihò sí i lára, àwọn ikán á sáré dé, wọn á dí i kíákíá, wọn ò ní dúró bi ẹnikẹ́ni.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì ti rọ̀, àwọn kan nínú ọmọ rẹ̀ máa ń hu ìyẹ́, a ń pè wọ́n ní èsúnsún. Wọ́n á rọ́ jáde lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Ìyá wọn kì í rí wọn. Ó máa ń gbọ́ ìró ìyẹ́ wọn lára ògiri, tí yóò máa lọ sókè, tí yóò máa jìnnà, títí kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn náà, yóò tún yé ẹyin mìíràn.