Ìdí Tí Àpótí Kò Fi Ní Ẹ̀yìn

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ìjókòó ṣì ní ẹ̀yìn àti apá, ìbejì ni Àga àti Àpótí ní ilẹ̀ Ṣáínà lọ́hùn-ún. Igi líle kan náà ni Wéì gbẹ́nàgbẹ́nà fi ṣe méjèèjì. Ó kùn wọ́n títí wọ́n fi ń dán gbinrin, ó sì gbé wọn sí pálọ̀, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ibi iyì nìyẹn o! Àgbà nìkan ló ń jókòó níbẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ti àwọn yòókù.

Ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. Màmá Ṣùlán, ìyá Wéì, lóṣòó ti ààrò nílé ìdáná, ó ń se oúnjẹ ọdún. Orúnkún ń ro ó. Bó bá dìde, "Yéè!" Bó bá lóṣòó, "Yéè!" Ẹkún fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Bí kò bá lè sè é tán, kí ni àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn yóò jẹ?

Ó yọjú sí pálọ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni yóò bá mi lọ sídìí ààrò?"

"Èmi kẹ̀?" ni Àga wí. "Nínú èéfín? Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n tẹ́."

Àánú Màmá ṣe Àpótí. "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kéré. Wéì tì í, ó fà á, pàbó! Ẹ̀yìn àti apá Àpótí ló ń há.

"Bàbá, ẹ gé wọn," ni Àpótí wí.

Wéì figbe ta: "Háà! Iṣẹ́ ọwọ́ mi!"

Àga pariwo láti pálọ̀: "Àpótí, ṣé orí ẹ pé? Bí wọ́n bá gé ẹ̀yìn ẹ, o ò ní padà síbi iyì mọ́ láé!"

Ẹ̀rù ba Àpótí, ká má parọ́. Ó wo pálọ̀, ó wo Màmá tó ń fọwọ́ ra orúnkún. "Ẹ ṣáà gbé ayùn wá."

Bí wọ́n ti gé e tán, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló wọlé. Màmá jókòó lé e, ó mí kanlẹ̀. "Orí á bá ọ ṣe é, ọmọ mi."

Nígbà tí àwọn ọmọ dé, wọn ò bá Màmá ní pálọ̀. Ni gbogbo wọn bá rọ́ lọ sílé ìdáná, wọ́n ń bu oúnjẹ gbígbóná jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Wéì ṣe irú Àpótí sí i, kí kálukú lè rí tirẹ̀ jókòó lé nítòsí Màmá.

Láti ọjọ́ náà ni àpótí kò ti ní ẹ̀yìn mọ́, ibi tí iná àti oúnjẹ bá sì wà la ti ń bá a. Àga ṣì wà ní pálọ̀, iyì rẹ̀ ò dín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá sọ nílé ìdáná, á tẹ́tí, á fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ, kò sì sẹ́ni tí yóò rò ó fún un.