Ọnà Àyà Agbádá Baálẹ̀

Ní Ìsẹ́yìn, Tinúadé àti Bọ́sẹ̀dé, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, jọ ń fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe ọnà sára aṣọ. Tinúadé ló kọ ètò tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó jókòó tì í títí ẹ̀rọ náà fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ètò ọ̀hún kò le: dárúkọ ọnà, kí o sì dárúkọ iṣẹ́. Bí o bá ní kó fẹ̀ ẹ́, á fẹ̀ ẹ́. Bí o bá ní kó dín in kù, á dín in kù. Kì í béèrè ìdí.

Lọ́jọ́ kan, Baálẹ̀ gbé agbádá kan wá pé kí wọ́n ṣe ọnà sí i láyà. Ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló hun aṣọ náà, aṣọ ọ̀hún ló sì hun kẹ́yìn kó tó kú.

"Ìyàwó wa, bí ẹ bá ba èyí jẹ́, ta ni yóò tún un hun fún mi?"

Tinúadé ya ọnà ńlá kan sínú ẹ̀rọ, ó pè é ní Àyà Baálẹ̀.

Ọnà náà wu Bọ́sẹ̀dé, ó fẹ́ fi ṣe fìlà ọmọdé. Dípò kó ní kí ẹ̀rọ dà á kọ lọ́tọ̀, ṣe ló kàn fún ti Baálẹ̀ ní orúkọ kejì, ó pè é ní Fìlà. Ẹ wo ìwà ọ̀lẹ! Ó wá ní kí ẹ̀rọ dín Fìlà kù.

Nígbà tí Tinúadé tẹ́ agbádá sábẹ́ abẹ́rẹ́, tó pe Àyà Baálẹ̀, ọnà tó yẹ kó gba gbogbo àyà jáde, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ lọ. Ó dá ẹ̀rọ dúró.

"Bọ́sẹ̀dé! Ta ló fọwọ́ kan ọnà Baálẹ̀?"

"Ìyáálé mi, kì í ṣe èmi o! Tèmi ni mo dín kù. Tiyín wà níbi tí ẹ fi í sí."

"Tìẹ wo? Jókòó síbí. Pe tìẹ, kí o ní kó di pupa."

Bọ́sẹ̀dé ṣe bẹ́ẹ̀. Tinúadé pe Àyà Baálẹ̀. Pupa fòò ló yọ lójú ẹ̀rọ.

"Yéè! Ọ̀kan náà ni wọ́n?"

"Ẹnu lo fi bí ìbejì, ikùn ò mọ̀ sí i. Mú abẹ́rẹ́! Aṣọ yìí ò ní bà jẹ́ lọ́wọ́ mi."

Wọ́n ń tú òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Aṣọ kò ya. Tinúadé tún ọnà náà yà láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, Bọ́sẹ̀dé da tirẹ̀ kọ lọ́tọ̀ kó tó dín in kù. Nígbà tí Baálẹ̀ wọ agbádá, ó rọra fọwọ́ ra ọnà àyà rẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, ẹ wá wo nǹkan."

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ wa ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé, orúkọ méjì kì í sọ ọnà kan di méjì.